Ọmọ Ọdẹ Gba Idà Bàbá: Ìrètí Àti Ìfòyà Ní Lamashegu

Aago méjìlá òru ti kọjá ní ìlú Tamale, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà Lamashegu fò dìde lórí ẹní rẹ̀, tó sì figbe ta débi pé àwọn ará ilé rò pé olè ló wọlé. Olè kọ́. Òru tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ di ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejìlá, ọdún 2024 ni. Ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú, wọ́n ń fi àmì-ẹ̀yẹ dá àwọn eré orí kọ̀ǹpútà tó peregedé lọ́dún náà lọ́lá, ibi ayẹyẹ yìí sì ni ilé-iṣẹ́ CD Projekt ti orílẹ̀-èdè Poland ti fi fídíò bí ìṣẹ́jú mẹ́fà kan han gbogbo ayé. Nínú fídíò náà, àwọn ará abúlé kan ti fa ọmọdébìnrin kan kalẹ̀ láti fi bọ iwin inú igbó. Obìnrin ọdẹ kan tí irun orí rẹ̀ funfun báláú yọ idà, ó kojú iwin náà, ó sì gba ọmọ náà sílẹ̀. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi padà dé abúlé, àwọn ará abúlé ti fọwọ́ ara wọn pa ọmọ tó gbà là. Orúkọ eré náà, The Witcher IV, ló hàn gbẹ̀yìn. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti ń retí láti ọjọ́ tó ti parí apá kẹta nìyẹn, òun náà ló sì mú un kígbe.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé máa bèèrè pé níbo ni Lamashegu wà, kí ló sì kan ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò Tamale ni. Ó lọ́jà tirẹ̀, ó sì ní olóyè tirẹ̀. Èdè Dagbani ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló sì gbilẹ̀ jù láàárín wọn. Tamale kì í ṣe ìlú àjèjì sí àwọn àgbà Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìlọrin. Kí ìjọba Busia tó pàṣẹ lọ́jọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn Yorùbá pọ̀ nínú ìsọ̀ ọjà Tamale bí eéṣú. Àwọn tó padà lẹ́yìn ìgbà náà kò pọ̀ mọ́. Hajia kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe yìí wà nínú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù kó wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ló ti kàwé, kó tó di pé òwò tún gbé e padà wá sí ìlú tí wọ́n bí i sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọkùnrin náà lọ kí i.

“Hajia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ariwo òru àná. Wọ́n ti mú un jáde ni.”

“Wọ́n mú ta ni jáde? Ṣé ẹnì kan wà látìmọ́lé ni?”

Ó ṣàlàyé, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe idà. Ó ní ọdẹ ni, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń gbowó pa iwin. Ó ní ṣùgbọ́n ní báyìí bàbá kọ́ ni olórí eré mọ́, ọmọbìnrin tó gbà tọ́ ni yóò máa fi idà jà.

Hajia rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ìtàn Àkàrà-ògùn lo ń pa fún mi yẹn, àbí ti bàbá rẹ̀?”

Ọmọkùnrin náà kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Àkàrà-ògùn.

Ẹni tí kò mọ̀ ju eré bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó gbá lórí tẹlifíṣàn ní àwọn ṣọ́ọ̀bù lè rò pé bákan náà ni gbogbo eré kọ̀ǹpútà rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú èyí tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, odindi ayé kan ni wọ́n dá sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ẹnubodè rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu: òkè, odò, ìlú olódi, irà, ilé ọtí, òjò tó ń ṣú tó sì ń dá. Kò sẹ́ni tó ń ti aṣeré síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bó bá wù ú, kó máa tẹ̀lé ìtàn náà lọ. Bí kò bá sì wù ú, kó máa ti ilé ọtí kan bọ́ sí òmíràn, kó máa fi káàdì ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀mùtí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọ̀pọ̀ àgbààgbà ọkùnrin ló sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọn kò jẹ́wọ́ fún ìyàwó. Ẹni tó bá fẹ́ dé gbogbo kọ̀rọ̀ apá kẹta yóò lò ju ọgọ́rùn-ún wákàtí lọ nídìí rẹ̀. Nítorí náà, irú eré bẹ́ẹ̀ kì í gbé ṣọ́ọ̀bù. Inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, lálaalẹ́, fún oṣù púpọ̀, títí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yóò fi dà bí aládùúgbò fún ẹni tó ń ṣe é.

Bí eré yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, ìtàn ni. Andrzej Sapkowski, tí wọ́n bí lọ́dún 1948, oníṣòwò ni kó tó di òǹkọ̀wé. Ó fi ìtàn kúkúrú kan ránṣẹ́ sí ìdíje tí ìwé-ìròyìn Fantastyka ṣe ní Poland, ìtàn nípa ọdẹ kan tó ń jẹ́ Geralt. Ipò kẹta ni wọ́n fún un. Àwọn ìwé mìíràn tẹ̀lé e, àwọn ará Poland sì gba ọdẹ náà bí ọmọ inú ilé, nítorí pé àwọn iwin tó ń bá jà kì í ṣe àjèjì sí wọn; púpọ̀ nínú wọn ni àwọn ìyá àgbà ti fi dẹ́rù bà wọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn odi Poland, àwọn tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà náà kò tó nǹkan.

Ilé-iṣẹ́ CD Projekt ni tirẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Marcin Iwiński àti Michał Kiciński, ló dá a sílẹ̀ ní Warsaw lọ́dún 1994. Iwiński kò fi pamọ́ fún àwọn oníròyìn pé nígbà tí òun wà nílé ìwé, òun a máa ta ẹ̀dà eré kọ̀ǹpútà tí kò gbàṣẹ ní ọjà Warsaw, nígbà tí òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. (Kí àwọn ará Alábà má tìí gbọ́ èyí o.) Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Geralt ṣe eré, wọ́n fi ìdá kan nínú èrè lọ Sapkowski. Ó ní kí wọ́n san owó òun lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kò gbà pé eré kọ̀ǹpútà lè tà. Apá kìíní jáde lọ́dún 2007. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2011, nígbà tí Ààrẹ Obama ṣe àbẹ̀wò sí Warsaw, apá kejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wà lára ẹ̀bùn tí Donald Tusk, olórí ìjọba Poland, fún un. Apá kẹta dé ní ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2015. Nígbà tó fi máa di ọdún 2023, èyí tí wọ́n ti tà nínú rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta mílíọ̀nù. Lọ́dún 2018, àwọn agbẹjọ́rò Sapkowski kọ̀wé pé kí ilé-iṣẹ́ náà san ọgọ́ta mílíọ̀nù owó zloty fún un. Ọ̀rọ̀ náà kò dé kóòtù. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2019, wọ́n jọ fọwọ́ sí àdéhùn tuntun.

Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni apá kẹrin gbé sórí. Kò sì sí ìfòyà tó ga ju ti ọmọbìnrin náà lọ. Ciri lorúkọ rẹ̀. Lápá kẹta, Geralt ń wá a kiri ni. Ohun tí aṣeré bá sì ṣe sí i lójú ọ̀nà ló ń pinnu bí ìtàn rẹ̀ yóò ṣe parí. Bí wọ́n bá ṣe é báyìí, ó lè di ọba obìnrin lórí ilẹ̀ ńlá kan. Bí wọ́n bá ṣe é lọ́hùn-ún, ó lè di ọdẹ. Bí ọwọ́ bá sì burú, ó lè lọ, kó má padà mọ́. Ìyẹn ni pé àwọn tó parí apá kẹta kò parí sí ibì kan náà. Apá kẹrin ti wá yan ọ̀kan, ó sọ ọ́ di ọdẹ, ẹni tó sì ti fi í jọba lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún wákàtí ń wò ó pé ṣé àlá ni gbogbo ìyọnu òun ni.

Àwọn kan binú nítorí pé obìnrin ni. Ariwo wọn pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí fídíò náà jáde, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ka ìwé Sapkowski mọ̀ pé ìtàn Ciri ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìbéèrè tó ní láárí ni ti àwọn tó ń sọ pé, nínú àwọn ìwé náà, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló ń di irú ọdẹ bẹ́ẹ̀: àgúnmu àti oògùn gbígbóná ni wọ́n ń fún àwọn ọmọkùnrin kéékèèké, ọ̀pọ̀ wọn sì ń kú sí i. Báwo ni Ciri ṣe mu ún tó yè? Àwọn tó ń ṣe eré náà ti ní ìtàn yóò dáhùn. Títí yóò fi dáhùn, ọkàn kò balẹ̀.

Hajia ní tirẹ̀ kò rí ìṣòro níbẹ̀. Lọ́dún 1938 ni Fágúnwà fi Àkàrà-ògùn han àwọn Yorùbá nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Nígbà tí Igbó Olódùmarè dé ní ọdún 1949, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ni àwọn òǹkàwé bá pàdé. Ìtàn ti kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, ó ti padà sọ́dọ̀ bàbá. Àwọn ará Poland kàn yí i padà ni, wọ́n gbé e kúrò lọ́dọ̀ bàbá fún ọmọ. Hajia sọ pé nílé ìwé àwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìjà ńlá ni ó máa ń dá sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ kíláàsì: àwọn kan ní Àkàrà-ògùn ló gbójú jù, àwọn kan ní kò sí ohun tó ṣe tí bàbá rẹ̀ kò ti ṣe ṣáájú. Òun wà lẹ́yìn bàbá. Ó ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ di bí a ti ń wí yìí.

Ìfòyà kejì ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe eré Cyberpunk 2077, tí wọ́n sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbé e jáde ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejìlá, ọdún 2020. Lórí kọ̀ǹpútà alágbára, ó ṣeé ṣe. Lórí PlayStation 4, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀rọ a máa kú láàárín eré, ojú ènìyàn a máa dà bí amọ̀ tí wọn kò tíì mọ tán. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Sony fi yọ eré náà kúrò lórí àtẹ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó sì ń dá owó padà fún àwọn tó rà á. Oṣù Kẹfà, ọdún 2021, ni wọ́n tó dá a padà sórí àtẹ. Wọ́n tún un ṣe, a kò gbọdọ̀ fi ìyẹn dù wọ́n. Nígbà tó di ọdún 2023, ó ti di eré tí àwọn tó bú u ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ti bù jẹ rí kì í fojú àrífín wo okùn. Ilé-iṣẹ́ náà ti kéde láti oṣù Kẹta, ọdún 2022, pé àwọn yóò fi ẹ̀rọ tí àwọn fúnra wọn fi ń kọ́ eré sílẹ̀, àwọn yóò máa lo Unreal Engine 5 ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2025, wọ́n fi hàn bí Ciri ṣe ń gun ẹṣin lórí PlayStation 5, ó sì rẹwà lójú. Àwọn fúnra wọn ló tún yára kìlọ̀ pé àṣefihàn lásán ni, kì í ṣe eré gan-an. Ní ti ìgbà tí yóò jáde, wọ́n ti sọ fún àwọn onípìn-ín ìdókòwò pé kò lè ṣáájú ọdún 2027.

PlayStation 4 kò sí nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣe é fún. Ìyẹn ni ó dun ọ̀dọ́mọkùnrin Lamashegu jù, nítorí PlayStation 4 tòkúnbọ̀ ló ní, tó fi owó fóònù títúnṣe rà díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 2015 tí apá kẹta jáde, dọ́là kan kò tó sídì márùn-ún. Nígbà tí fídíò apá kẹrin fi máa jáde ní ìparí ọdún 2024, dọ́là kan ti lé ní sídì 14. Eré ńláńlá tó ń jáde báyìí máa ń tó 70 dọ́là. Lọ́dún 2024 kan náà, owó iṣẹ́ òòjọ́ tó kéré jù tí òfin Ghana fọwọ́ sí ni sídì 18 àti pẹ́síwà 15. Ẹni tó ń gbà á yóò ṣiṣẹ́ ju àádọ́ta ọjọ́ lọ, láìjẹ láìmu, kó tó lè ra ẹyọ kan. Kí ọmọ Nàìjíríà má sì fi í ṣẹ̀sín. Dọ́là ti lé ní 1,500 náírà nígbà náà, eré kan ṣoṣo sì ti ju 100,000 náírà lọ, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje, ọdún 2024, jẹ́ 70,000 náírà. Ẹ̀rọ ńkọ́? Àṣà tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ eré bá ti ń pẹ́ lọ́jà, owó rẹ̀ a máa já wálẹ̀. PlayStation 5 tó bẹ̀rẹ̀ ní 499 dọ́là lọ́dún 2020 gòkè di nǹkan bí 550 dọ́là ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2025.

Ká tiẹ̀ ní owó wà. Cyberpunk nìkan gba ààyè 70 gigabyte, dátà sì ni wọ́n ń fi í gbà á. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, Ghana àti Nàìjíríà jọ wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣókùnkùn ni. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò sì nílò àlàyé fún ará Èkó tàbí ará Ìbàdàn. ‘Dumsor’ ni àwọn ará Ghana ń pè é, ìyẹn ‘pa á, tàn án’. Ẹni tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́ kó tó fi eré rẹ̀ pamọ́, ibi tó ti kúrò ni yóò padà sí.

Ohun kan wà tí Hajia bi ọmọkùnrin náà, tí kò rí dáhùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, “Ìwọ tó o mọ orúkọ gbogbo iwin àwọn òyìnbó yìí, ta ni Tohazhie?”

Ó mọ̀ ọ́n o, ọmọ Dagbon ni. Ọdẹ pupa ni Tohazhie. Àwọn onílù Dagbon, tí ìlù wọn, luŋa, jọ gángan, ló ń sọ ìtàn rẹ̀: ó dé ìlú kan ní ilẹ̀ Malle, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, wọ́n ní kò sí omi nítorí pé ẹfọ̀n búburú kan dúró sí etí odò tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pọn. Ó lọ, ó pa ẹfọ̀n, ìlú rómi mu. Nígbà tó tún bá ọba ibẹ̀ ṣẹ́gun, tí ọba ní kó yan èyí tó wù ú nínú àwọn ọmọbìnrin òun, èyí tó yarọ ló yàn. Ọmọ tó bí fún un, Kpogonumbo, òmìrán olójú kan ni, láti ìran rẹ̀ sì ni àwọn ọba Dagbon ti wá. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ àti Iléyá, onílù a dúró ní gbangba iwájú ààfin, a máa to ìtàn àwọn ọba wọ̀nyí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn ibì kan wà nínú ìtàn náà tí kì í fẹnu kàn láìjẹ́ pé wọ́n rúbọ. Àwọn tó jókòó gbọ́ a sì máa fetí léko, nítorí ìdílé tí onílù bá fò dá kò ní gbàgbé títí dọdún mìíràn.

Àwọn kan ti gbìyànjú irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ní Accra, Eyram Tawia àti ọmọ Kenya kan, Wesley Kirinya, dá Leti Arts sílẹ̀ lọ́dún 2009, wọ́n sì fi Ananse àti àwọn akọni bẹ́ẹ̀ ṣe eré orí fóònù. Ní Yaoundé ní Cameroon, Guillaume Olivier Madiba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kiro’o Games fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe eré kan tí wọ́n pè ní Aurion, iná ń lọ, iná ń bọ̀. Lọ́dún 2015 wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí ohun tó lé ní 40,000 yúrò. Oṣù Kẹrin, ọdún 2016, eré náà jáde. Owó yẹn kò tó èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ná lórí fídíò ìpolówó kan. Bí ẹnì kan bá sì rí owó ńlá lọ́la tó fẹ́ fi Tohazhie ṣe irú eré gbayawu yìí, ìbéèrè tí àwọn ará Poland kò ní í bi Sapkowski ni yóò kọ́kọ́ dìde ní Tamale: ta ni wọn yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹbọ wo ni wọn yóò sì rú kí aṣeré tó lè wọ àwọn ibi tí onílù kì í fẹnu kàn? Ọmọkùnrin náà ní òun yóò ra irú eré bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá jáde. Lẹ́yìn náà ló ní, àfi tí wọ́n bá bà á jẹ́. Ó ní tí wọ́n bá ba ti Ciri jẹ́, òun yóò bínú, òun yóò sì gbàgbé; ṣùgbọ́n ẹni tó bá ba Tohazhie jẹ́, òun kò mọ ohun tí àwọn yóò ṣe fún un.

Ní báyìí ná, ó ti padà sí apá kẹta. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é, ọmọ kékeré ni, ó mú Ciri lọ sọ́dọ̀ bàbá tó bí i, tó jẹ́ ọba ńlá, nítorí ó rò pé ohun tó dára jù fún ọmọ nìyẹn. Wọ́n sì fi Ciri jọba níkẹyìn. Èyí kò bá apá kẹrin mu. Ó ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ báyìí, kó lè sọ ọ́ di ọdẹ kí tuntun tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ẹ̀rọ tí òun yóò fi ṣe tuntun ọ̀hún. Ibì kan wà tí inú Ciri ti bàjẹ́, tí aṣeré lè bá a sọ̀rọ̀ ìtùnú tàbí kó ṣa yìnyín ilẹ̀, kí àwọn méjèèjì máa jù ú lura wọn bí ọmọdé. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ló bá a sọ. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó dé ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa yìnyín. Iná lọ.